Kéèjì tí wẹ́dà ṣe fún mi láti fi mú ológbò àdúgbò, oṣù mẹ́fà rèé tí mo ti ń lò ó

₦32,000 ni mo san fún kéèjì yìí, owó irin àti owó iṣẹ́ ti wà nínú ẹ̀. Wẹ́dà kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn níbí ló bá mi ṣe é, torí mo wá èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ títí ó fi rẹ̀ mí. Àwọn tó ń ta oúnjẹ ajá ní èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹran ọ̀sìn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ pé tí ológbò bá ti wọlé báyìí ilẹ̀kùn á já wálẹ̀ fúnra ẹ̀, wọn ò ní in, èyí tí mo sì rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó tí wọ́n máa fi gbé e dé Nàìjíríà ju owó kéèjì gan-an lọ.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sin ológbò tẹ́lẹ̀ o. Aṣọ ni mo máa ń rán tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń to àwọn gígékù Ankara pọ̀ di aṣọ ìbora, ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé maṣíìnì mi sí torí atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni abo ológbò kan ti wá ń jókòó wò mí, kò sún mọ́ mi, kò sì lọ, àwọ̀ ẹ̀ dà bí àdìrẹ tó ti ṣá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Aláró. Mo máa ń ju orí ẹja sí i. Ọjọ́ kan ni mo ki ọwọ́ bọ inú páálí tí mo ń kó gígékù sí, ọwọ́ mi ba nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì ń mì, ọmọ mẹ́rin, ojú wọn ò tíì là. Ọkọ mi tó ti ń sọ pé òun ò fẹ́ ológbò nílé, òun náà ló lọ wá tapólì tó fi bò wọ́n kí òjò má baà pa wọ́n.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ológbò lè tún lóyún nígbà tí ọmọ ṣì ń mu ọmú lọ́wọ́, oyún náà ò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ, àwọn ọmọ yẹn fúnra wọn, tí wọ́n bá ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin, márùn-ún, àwọn náà lè lóyún. Kó tó di ọdún wọ́n ti pọ̀. Wọ́n ń ké lóru, wọ́n ń jà, wọ́n ń ṣu sínú ebè ewédú màmá tó wà lẹ́yìn ilé wa, àwọn kan ti ń sọ pé ológbò àjẹ́ ni, èyí tó dúdú láàárín wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń sọ lókò. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá méjì nínú àwọn ọmọ náà lẹ́bàá gọ́tà, ìfófòó lẹ́nu wọn, ẹnì kan ti po òtápiápiá mọ́ ẹja fún wọn. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ẹran tó ń bá wa lé eku, nílẹ̀ tí ibà Lásà ṣì ń ti ara eku pa èèyàn!

Dókítà ẹranko tí mo lọ bá sọ fún mi pé pípa wọn ò lè tán an, kíkó wọn lọ dà sọ́jà ò lè tán an, torí tí àyè bá ṣófo tí oúnjẹ sì wà ńbẹ̀, òmíràn á wá gbà á. Ó ní kí n máa mú wọn wá níkọ̀ọ̀kan, òun á yọ ilé ọmọ abo, òun á tẹ akọ lọ́dàá, kí n sì dá wọn padà síbi tí mo ti mú wọn. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń mú ológbò tí kò jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan òun? Mo fi àpò ìrẹsì gbìyànjú ẹ̀, Aláró gé mi jẹ lọ́rùn ọwọ́, mo fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún odidi ìṣẹ́jú 15 kí n tó sáré lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n sì ń gún un. Ẹ má dán an wò rárá, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ̀dá wẹ́dà kọ́kọ́ rò pé ehoro ni mo fẹ́ sìn. "Àǹtí, ẹ gbé èyí tó wà nílẹ̀ yìí lọ." Mo ní rárá, mo yà á sínú ìwé fún un: gígùn 36 ínǹṣì, fífẹ̀ 12, gíga 14, ilẹ̀kùn kan lẹ́nu ẹ̀ tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé dúró, irin yẹn gùn dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó so mọ́ páànù pẹlẹbẹ kan. Ẹ̀yìn páànù yẹn lẹ máa gbé oúnjẹ sí, tí ológbò bá ti tẹ̀ ẹ́, irin á yọ, ilẹ̀kùn á já. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, ó dúró ire, mo gbóríyìn fún un.

Àmọ́ àléébù wà, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó fún wẹ́dà tiyín lówó. Kò ṣe ohun tó máa ti ilẹ̀kùn pa tó bá ti já. Akọ ńlá kan wà tí à ń pè ní Lanlọ́ọ̀dù, orí ẹ̀ tó ìkúùkù ọkùnrin méjì, ó wọlé, ó jẹ sàdíìnì mi tán, ó ki orí bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé e sókè, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kò sún mọ́ kéèjì mọ́. Mo gbé e padà, wẹ́dà fi irin kékeré kan dá a lábùú tó máa ń wọ ihò fúnra ẹ̀. Ìkejì, ó fi ẹnu wáyà sínú dípò ìta, ó ṣá Aláró nímú lálẹ́ tá a mú un, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde, ó dùn mí gan-an torí ó yẹ kí n ti fi ọwọ́ mi yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Ó ti fi maṣíìnì lọ̀ ọ́ báyìí, kò sí gbèsè kankan. Ọ̀dà pupa tó kùn ún ń rùn fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí ológbò tó fẹ́ sún mọ́ ọn. Èyí tí mi ò tíì rí ṣe sí ni ọwọ́ ìgbámú tó fi sí ìkángun dípò àárín, tẹ́ ẹ bá gbé e pẹ̀lú ológbò nínú, á dagun síwájú, ológbò á yọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù á sì tún bà á sí i.

Ariwo ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́, irin lórí irin, gbàà! Gbogbo àwọn yòókù á fọ́n ká. Mo rán fóòmù sínú gígékù Ankara, mo so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó sì wọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo tún rán ìbòrí fún kéèjì náà látòkè dé ilẹ̀, ìyẹn gan-an ló ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi so ilẹ̀kùn sókè tí mò ń fi oúnjẹ sínú ẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n bí ilé, lálẹ́ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mo tú okùn. Mo jókòó nídìí maṣíìnì, mi ò tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, iná ò sí, Aláró gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó dúró, ó wò mí, ó gbé tòsì, ó tún dúró, títí ìrù ẹ̀ fi wọlé tán. Nígbà tí ilẹ̀kùn já, ó ń gbá ara mọ́ irin kiri, mo da ìbòrí bò ó, kó tó tó ìṣẹ́jú méjì ó ti dákẹ́ rọ́rọ́, èémí ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọ́n sì gé ṣóńṣó etí òsì ẹ̀ nígbà tó ṣì ń sùn, kí ẹni tó bá rí i látòkèèrè lè mọ̀ pé wọ́n ti ṣe tiẹ̀, kí wọ́n má tún lọ mú un lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fún wọn ní parasitamọ́ọ̀lù fún ìrora lẹ́yìn ẹ̀ o, ó ń pa ológbò, ohun tí dókítà bá fún yín nìkan ni. Kéèjì náà, ọṣẹ àti omi ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mo sì máa ń sá a sóòrùn, mi ò fi Izal kàn án, torí májèlé ni fún wọn, wọ́n sì máa ń lá ara wọn.

Fún ẹni tó ní ológbò kan ṣoṣo tó ń gbé e mọ́ra, ẹ má ṣe wàhálà kéèjì yìí, apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí ti tó. Ẹni tó bá ní tìgboro tó ń sá fún èèyàn, owó ẹ̀ tó owó ẹ̀. Méje ni mo ti fi mú, Lanlọ́ọ̀dù náà ti wọ̀ ọ́, igbe òru ti dín kù, màmá ẹlẹ́wédú ti ń bi mí pé ṣé wọ́n ti jẹun.

Ó ku abo kan, aláwọ̀ mẹ́ta, ó ti ń lọ sí oṣù márùn-ún, kò sì tíì lóyún lójú tèmi. Mo ti so ilẹ̀kùn sókè fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ti ra sàdíìnì, tílẹ̀ bá ṣú lónìí màá tú okùn.