Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ní jíìpù àtijọ́ ní Abẹ́òkúta: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta «agbára ẹ́ńjìnnì»

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń wa 4Runner, Pathfinder, Highlander àti irú àwọn jíìpù bẹ́ẹ̀ tó ti pẹ́ lójú títì, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá yín fi kún agbára ẹ́ńjìnnì yín. Àwọn kan wà nílùú yìí tí wọ́n ń pín ìwé ìpolówó káàkiri ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Ọbantókò àti Aṣerò, wọ́n sì ń ṣèlérí pé láàárín wákàtí kan, jíìpù tó ń rá pálà gun òkè yóò máa fà bí tòkúnbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lónìí kọ́ ni wọn yóò jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ló yẹ kí ẹ dá mọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń tà ni ike kékeré kan tí wọ́n ń pè ní chip, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí mẹkáníìkì ń so ẹ̀rọ scan mọ́. Gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò yìí, ìdí nìyẹn tí ohun kan ṣoṣo fi ń bá ọkọ̀ gbogbo mu lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ra ọ̀kan sí 4Runner ọdún 1999 tó ń lò. Nígbà tí kò rí ìyàtọ̀ kankan, a jọ gbé e tọ rewáyà kan lọ ní Láfẹ́nwá, ó sì fi sukudiráfà tú u lójú wa. Ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló yẹ kó wà lẹ́nu irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, tó ń gbé iná bátìrì wá, ní wáyà. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún, tí wọ́n jẹ́ áàtì, náà ní wáyà. Gbogbo ìyókù kò kan ohunkóhun nínú ike náà. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé àti iná búlúù tín-tìn-tín ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tó ń mú kí wọ́n máa ṣẹ́jú. Ohun tí kò ní wáyà tí yóò fi bá brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, sọ̀rọ̀ kò lè yí iye epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì padà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yí àkókò tí pọ́lọ́ọ̀gì ń ṣáná padà. Rewáyà náà rẹ́rìn-ín, ó ní tọ́ọ̀ṣì ọmọdé ni wọ́n tà fún wa.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé àwọn rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn yóò kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí brain box lè gbàgbé gbogbo ohun tó ti kọ́ nípa bí ó ṣe ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi lè yàtọ̀ díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú. Bí wọ́n bá sì gbé ọkọ̀ jáde láti dán an wò, wọn yóò ti pa ẹ́síì láìsọ fún yín, wọn yóò sì yan ojú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ bí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ẹ́síì ṣe ń wúwo lọ́rùn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yóò mọ ohun tó yí padà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní kí ẹ wà á fún kìlómítà 200 kí chip tó «mọ ọkọ̀ yín», ìyẹn sì ti tó àsìkò fún wọn láti dí nọ́ńbà yín lórí fóònù.

Wọ́n tún ń ta fáànù kékeré kan tí wọ́n ń tì bọ páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.4 tó wà nínú 4Runner yẹn lè fa afẹ́fẹ́ tó súnmọ́ lítà 8,500 wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan bó bá ń yí 5,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú náà. Fáànù onírobà tó ń lo wáyà tín-ínrín kò lè ti èyí síwájú. Ṣe ni yóò dínà fún un.

Síbẹ̀, chip àti fáànù kọ́ ló mú mi kọ ìkìlọ̀ yìí. Bí oníbàárà bá padà wá ráhùn, wọn kì í bá a jà. Wọn yóò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn yóò gbé ọkọ̀ sókè, wọn yóò fi ọwọ́ lu abẹ́ rẹ̀, wọn a sì ní: «Ẹ wò ó, Dádì, kátálíìsì yín ló dí, òun ni kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí. Ọ̀fẹ́ la ó bá yín yọ ọ́.» Inú ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ni olè wà. Kátálíìsì ni ẹ̀yà ara páìpù èéfín tó ń dín oró inú èéfín kù. Platinum, palladium àti rhodium, àwọn irin olówó iyebíye, ni wọ́n fi bo ohun tó dà bí afárá oyin nínú rẹ̀, àwọn tó ń rà á sì ń san owó gidi lé e lórí, pàápàá èyí tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú béèrè èyí tí wọ́n yọ lára Highlander rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti dà á fún àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Páìpù òfìfo tí wẹ́dà jó sí i ló gbé lọ sílé. Ọkọ̀ náà ń pariwo báyìí, òórùn èéfín ń wọ inú rẹ̀, iná check engine sì tàn pẹ̀lú kóòdù P0420, èyí tó ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Wọ́n ní àwọn lè bá a yọ gílóòbù iná náà! Bí wọ́n bá sì yọ ọ́, kí ni yóò sọ fún un lọ́jọ́ tí nǹkan mìíràn bá bàjẹ́?

N kò sọ pé kátálíìsì kì í dí o. Ó ń dí, ó sì lè mú kí ọkọ̀ má fà rárá, àmọ́ ọ̀nà wà láti mọ̀: kí wọ́n tú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn àkọ́kọ́, èyí tó wà ṣáájú kátálíìsì, kí wọ́n so géèjì tó ń wọn agbára tí èéfín fi ń tì mọ́ ihò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lójú kan, kò yẹ kí ohun tí géèjì náà fi hàn ju nǹkan bíi psi 1.5 lọ, bí wọ́n bá sì gbé ẹ́ńjìnnì dé yíyí 2,500 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kò yẹ kó ju bíi psi 3 lọ. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán lù ú, tó sì ní ó ti dí, kò tíì yẹ ohunkóhun wò.

Ní ti agbára fúnra rẹ̀, agbára ẹṣin 183 ni 4Runner yẹn ní nígbà tó jẹ́ tuntun, ohun tó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé díẹ̀ ti sọnù nínú rẹ̀. Ẹ wá èyí tó sọnù kí ẹ tó wá àfikún. Ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́, tí eruku ilẹ̀ wa tètè máa ń dí. Ẹ fi ohun ìfọ̀ tó wà fún un fọ sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe pẹ̀lú epo bẹntiróòlù. Ẹ fọ throttle body, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì sí ojúlówó láti ọwọ́ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ wò ó bóyá bíréèkì ń di táyà mú, àti bóyá táyà yín tóbi ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. Bí gbogbo èyí bá dára tí ọkọ̀ kò sì fà síbẹ̀, kí mẹkáníìkì fi géèjì wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ kò sí chip tó lè wò ó sàn.

Ẹnikẹ́ni tí yóò bá wọ abẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya àwòrán abẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ara kátálíìsì hàn, ẹ sì sọ fún un kó tó mú irinṣẹ́ pé gbogbo ohun tó bá yọ, inú búùtù yín ni yóò gbé e sí. Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe é fún, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ìwé ìpolówó àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, kí ẹ má sì dá lọ. Àwa mélòó kan ti ń kó ẹ̀rí jọ láti gbé lọ bá àwọn ọlọ́pàá ní Eléwéẹran, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà.