Ìwé àkọ́kọ́ ẹ: ilé ìtẹ̀wé ńlá àbí kékeré tó jẹ́ ti fẹ́mínísìtì?

Tó o bá ti kọ ìwé àkọ́kọ́ ẹ tán, tó o wá ń wo ibi tó o máa gbé e lọ, jẹ́ n sọ tèmi. Ilé ìtẹ̀wé ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ṣí i wò àfi tó bá gba ọwọ́ ejẹ́ǹtì wá (ẹni tó ń bá òǹkọ̀wé wá ilé ìtẹ̀wé), ejẹ́ǹtì gan-an ò sì rọrùn rí. Owó àsansílẹ̀ tí wọ́n máa ń fún òǹkọ̀wé kí ìwé tó jáde máa ń jọjú, ìwé ẹ á sì dé ṣọ́ọ̀bù káàkiri.

Àwọn kéékèèké tó dá dúró, tó jẹ́ ìwé tó ń gbèjà obìnrin ni wọ́n dìídì ń tẹ̀, tiwọn yàtọ̀ pátápátá. Lásìkò tí wọ́n bá ń gba ìwé, ìwọ fúnra ẹ lè fi ránṣẹ́, ẹni tó sì máa kà á ò ní máa bi ẹ́ pé kí ló dé tínú obìnrin inú ìtàn yìí fi ń bí tó báyẹn, ó ti yé e tẹ́lẹ̀ (èyí ló wù mí jù o). Owó ńkọ́? Kékeré ni, nígbà míì kò tiẹ̀ sí àsansílẹ̀ rárá, ẹ̀dà tí wọ́n máa tẹ̀ ò ní pọ̀, ìwọ náà á sì polówó ẹ̀ títí á fi sú ẹ. Àmọ́ wọn kì í sábà tètè pa ìwé tì.

Má kàn wo orúkọ ṣá. Virago, ilé ìtẹ̀wé fẹ́mínísìtì tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1973, dá dúró nígbà kan, àmọ́ abẹ́ Hachette, ilé ìtẹ̀wé ńlá, ló wà báyìí. Èyí tó bá sì ní kó o sanwó kóun tó tẹ ìwé ẹ, yálà ńlá ni o àbí kékeré, sá!