Iná iwájú ọkọ̀ mi tó ń gba omi sínú: iṣẹ́ tí wọ́n bá mi ṣe ní Àjàṣẹ́

Bí iná iwájú ọkọ̀ yín bá ń gba omi sínú, tí ẹ sì wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí ìtòsí rẹ̀, ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹgbẹ̀rún 30 fàráńkì ni mo san lórí iná méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù kan lápá Ouando. Wọ́n tú wọn, wọ́n fa omi inú wọn gbẹ, wọ́n sì tún ojú wọn lẹ̀ padà. Òjò oṣù kẹfà ti fi gbogbo agbára rọ̀ lé wọn lórí láti ìgbà náà, ojú iná náà sì mọ́ gaara títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gan-an, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe fún wa nígboro ń ba iná jẹ́ sí i ni.

Ọkọ̀ mi wà lára àwọn àlòkù tó ń ti Yúróòpù gba èbúté Kútọnu wọlé. Ojú iná irú ọkọ̀ báyìí kì í ṣe gíláàsì. Ike líle tó mọ́ gaara, polycarbonate, ni. Ike dúdú ni wọ́n fi ṣe àpótí ẹ̀yìn rẹ̀, gọ́ọ̀mù tó yí etí ká ló sì so méjèèjì pọ̀. Omi ti wà nínú ti apá ọ̀tún kí n tó rà á, ẹni tó tà á sì ti jẹ́ kí oníná ọkọ̀ kan fi silikọ́ọ̀nù dí etí rẹ̀ yípo. Omi tó wà níbẹ̀ kò rọ́nà jáde, òmíràn sì ń wọlé kún un. Tó bá di àárọ̀, ẹ̀kán omi á ti sẹ̀ sójú iná náà látinú, wọn á máa ṣàn wálẹ̀ lọ dá adágún sí ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí ti òsì náà fi bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ ni mo ń tà, mo sì máa ń ná ọjà Kétu. Tí mo bá ń bọ̀ lálẹ́, òkùnkùn biribiri ló máa ń wà láàárín Kétu sí Pobẹ̀, zémíjàn (ọ̀kadà) tí kò ní iná ẹ̀yìn sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Iná tó bá gba inú ẹ̀kán omi kọjá kì í lọ tààrà mọ́, ńṣe ló ń fọ́n ká sókè sódò. Àwọn tó ń bọ̀ níwájú á máa fọwọ́ bojú, èmi tí mo sì ń wa ọkọ̀ kò ní rí kòtò tó wà níwájú mi. Ẹ̀mí ènìyàn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà mí kò lóǹkà. Ẹnì kan ní kí n lu ihò sí ìsàlẹ̀ kí omi máa jò dànù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ihò yẹn náà ni eruku pupa àti omi tí táyà ń ta sókè máa gbà wọlé. Ẹlòmíràn ní kí n ju àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà, sínú rẹ̀. Ìyẹn á mu díẹ̀, á yó, á sì dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń ta àlòkù iná ní Kútọnu pe ẹyọ kan ní ẹgbẹ̀rún 70, nígbà tí mo sì wo inú rẹ̀, àmì omi tó ti gbẹ wà ní ìsàlẹ̀ tiẹ̀ náà.

Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù Ouando kò tíì fọwọ́ kan irinṣẹ́ tó fi bi mí pé: “Àǹtí, ṣé ìrì fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ fúnra rẹ̀ lẹ̀ ń rí, àbí omi tó ń ṣàn?” Ó ní bó bá jẹ́ pé ojú iná kàn ṣú díẹ̀ lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n fọ ọkọ̀, tó sì mọ́ padà tí mo bá ti tan iná rìn fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́, kí n máa bá tèmi lọ. Ó lè dákẹ́ kó gbowó lọ́wọ́ mi. Mo yìn ín fún ìyẹn.

Ó wá yí ẹ̀yìn iná náà sókè, ó fi ihò kékeré méjì hàn mí. “Ibi tó ń gbà mí nìyí. Wọ́n ti dí i nímú.” Iná ọkọ̀ ń mí lóòótọ́. Tí ẹ bá tàn án, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á gbóná, á fẹ̀, díẹ̀ á sì gba ihò yẹn jáde. Tí ẹ bá pa á, tàbí tí òjò bá bà á lójijì, afẹ́fẹ́ náà á sún kì: èyí tó gbóná dé 60°C tó wá tutù sí 25°C máa dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Iná náà á wá fa nǹkan mìíràn sínú láti fi dí àyè yẹn. Bí ihò èémí bá là, afẹ́fẹ́ ló máa fà, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́nu ihò á sì dá omi dúró síta. Bí ihò bá dí, ibi tí gọ́ọ̀mù bá ti sán ló máa gbà fà á, omi tó wà níbẹ̀ á sì bá a wọlé. Silikọ́ọ̀nù tí wọ́n fi dí ti apá ọ̀tún ti gun orí ihò kan, ó dí i pa. Agbọ́n ló fi amọ̀ kọ́lé sẹ́nu èkejì.

Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n yọ gílóòbù àti wáyà, wọ́n gbé iná náà sínú ààrò oníná tí ooru rẹ̀ kò pọ̀, títí gọ́ọ̀mù butyl àtijọ́ fi rọ̀. Ọmọọṣẹ́ kan wá ń fi irin pẹlẹbẹ ṣí etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gọ́ọ̀mù dúdú náà ń fà bí ilá láàárín ike méjèèjì, ó ń fi ọ̀bẹ gé e. Ibi tí silikọ́ọ̀nù wà kò rọ̀ rárá, torí irú ooru bẹ́ẹ̀ kò ràn án. Ọwọ́ ni wọ́n fi ha á, ibẹ̀ ló sì gba àkókò jù. Nígbà tó ṣí, mo rí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ìlà omi ti pọ́n rúsúrúsú sí ìsàlẹ̀, ẹnu wáyà bàbà ti dípẹtà aláwọ̀ ewé, awọ alumíníọ́ọ̀mù tó ń ta ìmọ́lẹ̀ síwájú sì ti bó níbi tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò. Ọ̀gá ní omi nìkan kọ́ ló ṣe é. Silikọ́ọ̀nù tó máa ń rùn kíkan nígbà tó bá ń gbẹ, ásíìdì ló ń rùn bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń jẹ irin tí wọ́n bá sé e mọ́ ojú kan. Ibi tó bó yẹn kò ṣe é dá padà, wọn kò sì purọ́ fún mi pé àwọn máa kùn ún.

Wọ́n tẹ́ butyl tuntun sínú kòtò etí rẹ̀, wọ́n gbé e gba ààrò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n dè é pọ̀ títí ó fi tutù. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ìdérí ẹ̀yìn tó ti le gbagidi, wọ́n la ihò èémí méjèèjì, wọ́n sì fi ìdérí tuntun tó ní awọ síbẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni ìdánwò wọn: wọ́n dí àwọn ihò náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú, wọ́n wá fi omi ọṣẹ pa etí rẹ̀ yíká. Ní igun kan, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Wọ́n dá a padà sínú ààrò, wọ́n tún igun náà tẹ̀, kò hó mọ́.

Irú gílóòbù tí wọ́n ń pè ní halogen ni tèmi, 55 wáàtì. Ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ ń dà, ooru yẹn ló sì ń bá wa lé ìrì kúrò. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ní LED, ẹ tètè wá nǹkan ṣe. Ẹ̀yìn ni ooru LED ń gbà lọ, ojú iná kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná, ọ̀rinrin tó bá sì wọ ibẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Àpótí kékeré tó ń darí rẹ̀ sábà máa ń wà lára iná náà gan-an. Bí ìyẹn bá kú, odidi iná ni wọ́n lè ní kí ẹ rà. Ní ti irú gílóòbù tí wọ́n ń pè ní xenon, agbára iná tó fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í tàn máa ń lé ní 20,000 fólítì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án nígbà tó bá wà lórí iná. Ọ̀gá yìí ń tún xenon ṣe, ṣùgbọ́n kì í gba LED tí omi bá ti wọ àpótí rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ọkùnrin kan lójú mi, ìyẹn fi ìbínú lọ.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: wọn kì í fúnni ní ìwé gàràǹtí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ṣèlérí pé bí omi bá tún wọlé, kí n padà wá. Ìtọ́sọ́nà iná òsì sì ga jù nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ fún mi. Ojú ọ̀nà Sakété ni mo ti mọ̀, torí àwọn tó ń bọ̀ ń ṣẹ́ná sí mi ṣáá. Wọ́n tún un tò láì gbowó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn dagun, ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ yín sí ibi tó tẹ́jú kí wọ́n tó tò ó. Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣe ìdánwò omi ọṣẹ yẹn lójú yín.