Mọ́fíìnì olómi fún ìrora jẹjẹrẹ: oògùn tó dára, ìbẹ̀rù ló ń bà á jẹ́

Mọ́fíìnì olómi, èyí tí aláìsàn ń gbé mu láìgba abẹ́rẹ́, kì í ṣe oògùn àná. Mọ́fíìnì fúnra rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn oògùn kò-ṣeé-má-nìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ gbé jáde ní 1977, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Fún ìrora jẹjẹrẹ tó le, oògùn gidi ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n lò ó bó ṣe yẹ, àìlò ó bó ṣe yẹ yẹn gan-an ló sì ń mú ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù wá.

Tó bá wọ inú, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, agbára rẹ̀ a sì tó nǹkan bíi wákàtí 4. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Àgbàlagbà tí kò lo irú rẹ̀ rí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mg 5 sí 10 lẹ́ẹ̀kan; arúgbó tàbí ẹni tó ti rù hangogo lè bẹ̀rẹ̀ láti mg 2.5. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, torí kíndìnrín ló ń da ohun tó ṣẹ́kù lára mọ́fíìnì síta. Bí kò bá lè dà á, á gbá jọ sára, aláìsàn á máa ta gìrì, á sì máa sọ kántankàntan.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń lò ó nílé. Aláìsàn á ní òun á fara dà á díẹ̀ ná, kó má bàa di bárakú. Wákàtí 4 á di 8. Ìrora á ti gun orí, ìwọ̀n kan kò ní ká a mọ́, wọ́n á tún bu òmíràn lé e. Oorun àsùnwọra á dé, èébì á tẹ̀ lé e, àwọn ará ilé á ní, "Ẹ ò rí i, a ti sọ!" Cicely Saunders, dókítà tó dá St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú àwọn tó ń sún mọ́ ikú, sílẹ̀ ní London ní 1967, ti kọ́ni tipẹ́ pé aago ni kí a tẹ̀ lé, kí oògùn tó ń bọ̀ ti dénú kí ìrora tó padà. Bí ìrora bá yọ jú láàárín, ìwọ̀n àfikún sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú 10 sí ìdá kan nínú 6 gbogbo ohun tí aláìsàn ń lò ní wákàtí 24. Ẹni tó ń mu mg 10 lẹ́ẹ̀mẹfà ń lo 60, àfikún rẹ̀ á wà láàárín 6 sí 10. Ẹ máa kọ gbogbo àfikún sílẹ̀. Bí ó bá ń pọ̀ lójoojúmọ́, a jẹ́ pé ìwọ̀n gangan ló kéré.

Ní ti bárakú: ara lè mọ́ oògùn yìí lára, tí a bá dá a dúró lójijì, òógùn á máa bò èèyàn, á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, ara á máa ro. Ìyẹn kọ́ ni bárakú, èyí tí ọkàn fi ń fà sí oògùn kódà bó bá ń ṣe èèyàn léṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù bí ìtọ́jú bá ti pa ìrora náà. Ẹni tó ti ní wàhálà ọtí tàbí oògùn olóró rí kò ní kó má lò ó, àmọ́ kó sọ fún dókítà, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Àwọn míì ń pè é ní oògùn ikú. Bí wọ́n bá fi pa mọ́ títí ó fi ku ọ̀la kí aláìsàn kú, kí ni kò ní jọ ikú? Wọ́n tún ń ní bí àwọn bá lò ó báyìí, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá yá. Bẹ́ẹ̀ dókítà lè máa gbé ìwọ̀n rẹ̀ sókè bí ìrora bá ń pọ̀, ohun tí a kò lè ṣe pẹ̀lú parasitámọ́ọ̀lù.

Àbùkù rẹ̀ wà o. Èébì sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, oorun láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n àìrígbẹ́yà kì í lọ. Ọjọ́ tí mọ́fíìnì bá bẹ̀rẹ̀ ni kí oògùn tó ń jẹ́ kí inú ṣí, bíi senna, bẹ̀rẹ̀.

Àbùkù tó burú jù wà lára ìgò. Òmíràn ní mg 10 nínú mL 5, òmíràn ní mg 20 nínú mL 1, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po 10. Mg 10 jẹ́ mL 5 nínú ọ̀kan, ó jẹ́ mL 0.5 péré nínú ìkejì. Ẹni tó bá fa mL 5 nínú èyí tó le ti fa mg 100. Ṣíbí ilé ìdáná kò wúlò níbí rárá: síríǹjì aláìlábẹ́rẹ́ ni kí ẹ gbà, kí apòògùn fi gègé fàlà sí ibi tí oògùn máa dé.

Bí aláìsàn kò bá ṣeé jí, tí mímí rẹ̀ ń falẹ̀, tí dúdú ẹyinjú rẹ̀ sì sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Naloxone, oògùn tó ń dá agbára mọ́fíìnì dúró, ni wọ́n fi ń dá a padà. Ẹ má fi ọtí tàbí oògùn oorun kún mọ́fíìnì láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó máa gbé, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dá a padà fún apòògùn.