Ìkòkò Èédú fún Òròmọdìyẹ Lásìkò Ọyẹ́: Bí Mo Ṣe Rí I l'Abẹ́òkúta

Ẹ ra ìkòkò náà, ṣùgbọ́n ẹ má gba gbogbo ohun tí ẹni tó ń tà á bá sọ fún yín gbọ́. Ẹni tí kò bá ráyè ka ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀, ìyẹn ni kó mú lọ.

Ìkòkò amọ̀ ni. Ó fẹ̀ nídìí, wọ́n lu ihò sí i lára yípo lápá òkè, ó sì ní ọmọrí tí òun náà ní ihò. Èédú ni à ń kó sínú rẹ̀, kí ooru rẹ̀ máa mú yàrá òròmọdìyẹ gbóná. Lafẹ́nwá ni mo ti rà á, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó àpò oúnjẹ òròmọdìyẹ kan, oníkílò 25. Ẹ ó tún rí èyí tí wọ́n fi irin rọ, tàbí tí wọ́n ṣe láti ara ríìmù ọkọ̀ àlòkù. Mi ò fẹ́ràn ìyẹn. Irin tètè ń gbóná, ó tètè ń tutù, òròmọdìyẹ tó bá sì fara kàn án á bó. Amọ̀ kì í kánjú. Iná inú rẹ̀ lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, kí ara ìkòkò ṣì máa mú ooru jáde.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń sin adìyẹ, ní Ọ̀bàntòkò. Àwọn òròmọdìyẹ tó bá wọlé nígbà ọyẹ́ ló ń tó tà nígbà ọdún Àjíǹde, nítorí náà kò sí bí mo ṣe fẹ́ sá fún òtútù. Àwọn aládùúgbò á máa bi mí pé ìlú tó gbóná báyìí, kí ni adìyẹ fẹ́ fi iná ṣe? Nígbà ọyẹ́, ọ̀sán Abẹ́òkúta lè kọjá ìwọ̀n 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti lè já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20. Àwa á fa aṣọ bora. Òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan kò ní ìyẹ́, irun múlọ́múlọ́ lásán ló wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì tíì lè ṣètò ooru tirẹ̀. Ìwọ̀n 32 sí 35 ló ń fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn la lè máa fi nǹkan bí ìwọ̀n 3 dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ìyẹ́ á fi bò ó.

Gílóòbù ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Kò sóhun tó ṣe gílóòbù, iná ni kò sí. Tí wọ́n bá mú iná lọ lóru nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí epó sì ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, àwọn òròmọdìyẹ á wọ́ jọ sí igun kan, wọ́n á máa gun ara wọn lórí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú síbẹ̀. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé òtútù gan-an kọ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí wọ́n ṣe ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ni.

Ìkòkò kò mọ̀ bóyá wọ́n mú iná lọ. Tí mo bá kó èédú igi àyìn sínú rẹ̀ lálẹ́, tí mo sì de ọmọrí rẹ̀, ooru ṣì máa ń wà lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe ìrun àsùbá. Èédú igi tí kò le kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń ta pàrà. Ìta ni kí ẹ ti dáná sí i, kí ẹ jẹ́ kó pọ́n dáadáa, kí eérú fúnfun bò ó lójú, kí èéfín rẹ̀ tán pátápátá, kí ẹ tó gbé e wọlé. Ẹ gbé e lé bíríkì, kí ẹ sì kó èérún pákó kúrò lábẹ́ rẹ̀ àti láyìíká rẹ̀, nítorí ẹ̀ta iná kan ṣoṣo ti tó jó gbogbo ilé adìyẹ. Ìkòkò kan tó fún nǹkan bí 50 òròmọdìyẹ nínú yàrá kékeré.

Mo ní tẹmómítà, mo sì máa ń wò ó, ṣùgbọ́n àwọn òròmọdìyẹ gan-an ni mo gbà gbọ́. Tí wọ́n bá ṣù mọ́ ìdí ìkòkò, òtútù ń mú wọn. Tí gbogbo wọn bá sá lọ sẹ́bàá ògiri, tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, tí wọ́n fẹ apá, ooru ti pọ̀ jù, ẹ yọ èédú kúrò. Tí wọ́n bá fọ́n káàkiri yàrá bí àgbàdo tí a dà sílẹ̀, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ẹ lọ sùn.

Ibi tí mo ti bá olùtà jà nìyí. Ó ní kí n fi tapólì bo gbogbo fèrèsé pátá, kí n dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí ooru má bàa jáde. Ìmọ̀ràn ikú ni. Èédú tó ń jó máa ń mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí a kì í rí, tí kò sì ní òórùn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Ó lè pa adìyẹ, ó sì lè pa ẹni tó bá wọlé lọ wò wọ́n. Òórùn ìgbẹ́ adìyẹ pẹ̀lú á há sínú yàrá, á máa ta wọ́n lójú, á sì ba ọ̀nà ọ̀fun wọn jẹ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dí, níbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ lu òròmọdìyẹ lára. Òkè, lábẹ́ àjà, ẹ ṣí i sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun inú yàrá náà tìtorí pé ibẹ̀ móoru.

Àǹtí mi tó ń gbé ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi. Òun náà ń sin àgbébọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, níbi tí òtútù ti máa ń kọjá ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo. Èmi rò pé á ti máa dáná fún wọn. Ó ní rárá o! Ara adìyẹ máa ń gbóná tó nǹkan bí 41, tó bá ti hu ìyẹ́ tán, á fẹ ìyẹ́ náà, á fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí igi ìsùn, á sì la òtútù kọjá. Ohun tó ń bá wọn jà ni omi inú afẹ́fẹ́, tó máa ń jẹ́ kí ogbe wọn gan kó sì dúdú. Ìyẹn ló fi ń ṣí fèrèsé òkè sílẹ̀ nínú yìnyín, tó sì ń tẹ́ koríko gbígbẹ tó nípọn sílẹ̀ fún wọn. Ìyọnu tirẹ̀ ni omi mímu tó máa ń dì sínú ọpọ́n, àti ẹyin tó máa ń dín kù torí pé ojúmọmọ kò tó wákàtí mẹ́sàn-án nínú oṣù Ọ̀pẹ. Níbí, ojúmọmọ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, a dúpẹ́.

Nítorí náà, tí adìyẹ yín bá ti dàgbà, ẹ má fowó ṣòfò lórí ìkòkò. Ọyẹ́ Abẹ́òkúta kò lè fi òtútù pa àgbébọ̀. Eruku ọyẹ́ àti lùkúlùkú, àrùn adìyẹ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Newcastle, lẹ ó máa ṣọ́, torí àsìkò yìí gan-an ni àrùn náà máa ń jà. Ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn lásìkò, kí ẹ sì máa wọ́n omi díẹ̀ sí àgbàlá kí ẹ tó gbá a.

Àbùkù ìkòkò náà kò ju méjì lọ. Tí omi tútù bá dà sí i lára nígbà tó gbóná, á sán, nítorí náà ọpọ́n omi gbọ́dọ̀ jìnnà sí i. Ó sì ń fẹ́ ẹni tó lè jí lóru wò ó. Ẹni tó bá ń ti Èkó wálé lọ́jọ́ Jímọ̀ nìkan, onígáàsì ló yẹ kó rà, kó sì wá ẹni tí á máa bá a ṣọ́ ọ.

Inú oṣù Bélú ni kí ẹ lọ rà á. Tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àti ìkòkò àti èédú ló máa ń gbówó lórí.