Ilé-iṣẹ́ Aláàbò tí Ó Wá Kọ́ Ìdílé Mi ní Mọ́níyà: Ohun tí Wọ́n Ṣe Dáadáa àti Ohun tí Wọ́n Gbàgbé

Lẹ́yìn tí àwọn olè fọ́ ilé mẹ́ta láàárín oṣù kan ní àdúgbò wa ní Mọ́níyà, nílùú Ìbàdàn, ni mo tó gbà pé ilẹ̀kùn onírin nìkan kò tó fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Abújá, tí òun sì wà nílé pẹ̀lú ìyá ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Mo ké sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó ń ta ẹ̀rọ ìdágìrì, tí ó sì ń kọ́ ìdílé ní ohun tí wọn yóò ṣe bí ewu bá dé lóru. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé mo ní àléébù láti sọ, wọ́n sì ti ń ṣàtúnṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè kí ó tó sanwó.

Náírà 185,000 ni mo san. Owó náà kárí àpótí ẹ̀rọ kan tí ó ń lo káàdì síìmù bíi fóònù, ojú ẹ̀rọ méjì tí ń mọ ooru ara ẹni tí ó bá kọjá níwájú wọn, òòfà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn kí ẹ̀rọ lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí wọn, fèrè oníná kan lókè ògiri níta, rìmóòtù méjì, àti ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kan. Bí nǹkan kan bá ta sí ẹ̀rọ náà, fèrè á ké, àpótí á sì máa pe àwọn nọ́ńbà tí a ti kọ sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọkùnrin méjì tí wọ́n wá fa wáyà mọ iṣẹ́ wọn. Wọn kò ba ọ̀dà ògiri mi jẹ́, wọ́n sì gbálẹ̀ kí wọ́n tó lọ, èyí tí kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí mo ti bá pàdé.

Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀kọ́ náà ni mo ra, ẹ̀rọ kàn bá a wá ni. Ọ̀gbẹ́ni tí ó kọ́ wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò sì fi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó ní kí gbogbo wa jókòó sí pálọ̀, títí kan Màmá, ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ó pa iná, ó sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ wá tọ́ọ̀ṣì àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wá. Àgbà nínú àwọn ọmọ, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14, tan iná fóònù rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e fẹsẹ̀ kọ àga. Èmi tí mo ni ilé kò rí kọ́kọ́rọ́ títí ọ̀gbẹ́ni náà fi tan iná padà, nítorí pé inú báàgì tí mo gbé lọ síbi iṣẹ́ ni ó wà. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká kan ìṣó kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, orí ìṣó yẹn ni kí kọ́kọ́rọ́ wà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́."

Láti ibi ìṣó yẹn ni ó ti to ètò gbogbo ilé. Ilé wa, bíi ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ ní Ìbàdàn, ní ilẹ̀kùn onírin kan láàárín pálọ̀ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó lọ sí yàrá, èyí tí mo máa ń ṣí sílẹ̀ lálẹ́ nítorí atẹ́gùn. Ó ní odi wa kejì nìyẹn, àti pé ẹni tí ó bá já ilẹ̀kùn iwájú lè kó tẹlifíṣọ̀n kí ó máa lọ, bí kò bá ṣáà ti lè dé ọ̀dọ̀ wa. Yàrá Màmá ni ó yàn pé kí gbogbo wa sá sí, nítorí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni à ń lọ bá, a kì í ní kí ó sáré wá. Ọmọ àgbà ni yóò gbé àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 4. Èkejì yóò mú fóònù àti tọ́ọ̀ṣì. Èmi yóò ti ilẹ̀kùn onírin, n óò tan iná ìta, n óò sì pe 615, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tàbí 112 tí ó wà fún gbogbo Nàìjíríà, kí n tó pe ọkọ mi. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kọ́kọ́ dùn mí, ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ó wà ní Abújá fẹ́ ṣe lóru ju kí àyà rẹ̀ máa já? Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde lọ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Bí àwọn olè bá sì ti wọlé dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí wọ́n bá béèrè ni kí á fún wọn, kí á má sì tẹjú mọ́ wọn.

Ó tún ní kí á wá gbólóhùn kan tí a lè fi sọ fún ara wa pé ewu wà, láìjẹ́ kí ẹni tí ó dúró tì wá fura. Àwọn ọmọ mú orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù wá. Màmá ni wọ́n gbé èyí tí a mú kalẹ̀: "Ṣé ẹ ti gbé àgbo mi kúrò lórí iná?" Kò sí ẹni tí yóò fura sí ìyá àgbà tí ó ń béèrè àgbo rẹ̀.

Mo gbóríyìn fún ọ̀gbẹ́ni yìí jù lọ lórí ọ̀rọ̀ irin ojú fèrèsé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bọ́gílárì. Nígbà tí a ti ti ilẹ̀kùn onírin tán, tí inú wa sì ń dùn, ó béèrè pé bí ó bá ṣe iná ni ó ń jó ní pálọ̀ ńkọ́? Gbogbo ohun tí ó ń dí olè lọ́nà níta ni yóò há wa mọ́ inú ilé. Ó ní kí n pe jórinjórin kí ó gé irin fèrèsé yàrá Màmá, kí ó fi ìdè sí i bí ilẹ̀kùn, kí àgádágodo rẹ̀ wà nínú, kí kọ́kọ́rọ́ sì so rọ̀ sí ibi tí ọwọ́ ẹni tí ó wà níta kò lè dé. Jórinjórin àdúgbò gba náírà 22,000 lọ́wọ́ mi. Ilé-iṣẹ́ náà kò jèrè kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n tẹnu mọ́ ọn.

Ní òru ọjọ́ kẹfà, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fèrè ké. N kò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ nínú òkùnkùn bí wọ́n ṣe ń lọ sí yàrá Màmá láìsí ẹni tí ó pè wọ́n. Ẹni kan ṣoṣo tí ó ṣe ohun tí a kò fi kọ́ wa ni Màmá, tí wọ́n ń gbàdúrà sókè débi pé n kò gbọ́ ohun tí ẹni tí mo pè ń sọ lórí fóònù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí olè wa: ọmọńlé kan ni, ó lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀rọ tí ó wà ní pálọ̀, níbi tí wọ́n kàn án mọ́ lábẹ́ gílóòbù tí kòkòrò máa ń yí ká. Ẹni tí ó bá ń kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ilé ní ilẹ̀ yìí yẹ kí ó mọ̀ pé ibi tí kòkòrò bá wà ni ọmọńlé ń lọ. Wọ́n wá gbé ojú ẹ̀rọ náà lọ sí igun mìíràn láìgba owó.

Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ ni pé fèrè náà ké fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò jáde. Aládùúgbò tí ó mọ ògiri tì wá ní òun rò pé mọ́tò ẹnì kan ni. Ọdẹ tí ń ṣọ́ òpópónà wa gbọ́, ṣùgbọ́n fèrè tí a ń fi ẹnu fọn, lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ni ẹgbẹ́ onílé fi ṣe àmì olè, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un pé ohùn oníná yìí ní ìtumọ̀. Níbi ògiri ilé wa ni ẹ̀kọ́ ilé-iṣẹ́ náà ti dúró. Wọn kò béèrè ẹni tí ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn kò pe alága ẹgbẹ́ onílé, nọ́ńbà ọdẹ kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n kọ sínú àpótí. Ọlọ́pàá yóò gba ọ̀nà wá, Àmọ̀tẹ́kùn náà yóò gba ọ̀nà wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àléébù tí ó tóbi jù nìyẹn lójú mi, nítorí pé owó kọ́ ni yóò ná wọn láti ṣe é. Ìrìn ìdajì wákàtí ni.

Ọ̀rọ̀ bátìrì àti síìmù kò gùn. Wọ́n ní bí iná mànàmáná bá lọ, bátìrì inú àpótí yóò gbé e di ọjọ́ kejì. Tiwa kú kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì ní láti so ó mọ́ ínfátà. Káàdì síìmù tí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i jẹ́ èyí tí wọ́n fi orúkọ ara wọn gbà. Mo kọ̀ ọ́, mo fi tèmi sí i, nítorí pé ẹni tí ó bá ni síìmù ni ó ni ẹ̀rọ. Kí ẹ rántí pé síìmù tí kò bá ní owó nínú kò lè pe ẹnikẹ́ni, bí fèrè tilẹ̀ ń ké. Ọjọ́ àkọ́kọ́ oṣù ni èmi máa ń fi owó sí i.

Bí ẹ bá ní owó fún ọ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ ni kí ẹ gbà; ilé-iṣẹ́ yìí gbà kí ènìyàn san náírà 40,000 fún un lọ́tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sọ ọ́ àfi bí ẹ bá béèrè. Èmi ti sanwó fún ìpàdàbọ̀ wọn. Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà má wá sí ilé mi ní tààrà. Kí ó kọ́kọ́ dé ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ó tẹ fèrè náà sí etí gbogbo wọn.