Àwo orin líle mẹ́ta tí mo gbọ́ láàrin Ìwó Road sí Mọ́kọ́lá

A dì mẹ́rin sẹ́yìn Micra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ki íápíìsì sétí, mo tẹ àwo ẹgbẹ́ olórin líle kan tó ń jẹ́ Knocked Loose. Orin mẹ́wàá, ìṣẹ́jú 27 péré. Gósílóò wà lọ́nà, kí n tó sọ̀ ní Mọ́kọ́lá àwo ti parí, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà. Ìyá tó jókòó tì mí wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí? Orí ẹ ń mì bí ẹni tí Ṣàngó gùn."

Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni àwo náà jáde. Kentucky ní Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ yẹn ti wá. Orúkọ tí wọ́n fún un, You Won't Go Before You're Supposed To, ló kọ́kọ́ mú mi. Bryan Garris, akọrin wọn, máa ń bẹ̀rù ọkọ̀ òfurufú, obìnrin kan tí wọ́n jọ jókòó nínú ọkọ̀ ló fi ọ̀rọ̀ yẹn tù ú nínú. Ká ní ìyá àgbà tèmi ni, á ní, "Fọkàn balẹ̀, ọjọ́ ò tíì pé." Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ ilé wa, nínú ariwo àwọn ará Kentucky!

Ariwo sì ni o. Garris kì í kọrin, igbe ló ń ké, ohùn ẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Onígìtá tó ń gbè é ló ń bú láti inú ikùn. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé egúngún l'Ọjà'ba rí ò ní bá ohùn yẹn ṣe àjèjì. Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí wọ́n ń pè ní breakdown: ìlù á falẹ̀ lójijì, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́ díẹ̀, gìtá á wá já lulẹ̀ gbì! Nínú "Suffocate", tí akọrin obìnrin kan, Poppy, bá wọn ké, ìlù ijó ni wọ́n gbé síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń jó reggaeton. Èjìká mi ti yí kí n tó mọ̀. Wọ́n yan orin yẹn fún Grammy, ó sì tọ́ sí i.

Ẹ má fi sípíkà fóònù gbọ́ ọ. Ohùn ìsàlẹ̀ á pòórá, ìyókù á dà bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò lépo. Ẹ gbà á sílẹ̀ lóru pẹ̀lú, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí mò ń lò máa ń já gẹ́lẹ́ tí igbe bá ń dùn. Mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Méjì tí mo yọ, àárín àwo ló fà á: orin mẹ́ta níbẹ̀ jọra wọn jù.

Àwo A New Tomorrow ti ẹgbẹ́ Zulu, ọdún 2023, ni mo gbọ́ tẹ̀lé e. Kí orúkọ wọn má ṣì yín lọ́nà, aláwọ̀ dúdú ará Los Angeles ni wọ́n. Wọ́n á bú ramúramù fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á wá fi orin soul àtijọ́ tó rọ̀ létí sí i, bí ìgbà téèyàn bu omi sí irin gbígbóná. Lójú tèmi, ìsinmi yẹn ti pọ̀ jù. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni wọ́n á ní kí n jókòó. Àbúrò mi ní mi ò mọ nǹkan tó dùn.

Turnstile, àwọn ará Baltimore, gbé àwo NEVER ENOUGH jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025. Hardcore, irú orin pọ́ńkì tó yára tó sì le, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ èyí rọ̀, ó sì gùn. "LOOK OUT FOR ME" nìkan ń lọ sí ìṣẹ́jú méje. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìjà, ó parí sí ijó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú irú orin yìí, èyí ni kẹ́ ẹ fún un.

Mo tan án níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ọ̀gá mi ò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì mo tan ti Knocked Loose. Ọ̀gá sáré jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó ní kí n pa ẹ̀rọ kíá, kí n pe ẹni tó ń tún un ṣe.